Èso Àjàrà Tí N Kò Sanwó Rẹ̀

Lọ́dún àkọ́kọ́ mi ní Mẹ́kà, gbogbo ẹni tí ó bá pè mí láti ilé ló máa ń di àdúrà lé mi lọ́wọ́. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi fẹ́ kí n ṣàdúrà fún orúnkún rẹ̀. Aládùúgbò wa kan ní Ìṣẹ́yìn fẹ́ kí n dárúkọ ọmọ rẹ̀ tí kò tíì ríṣẹ́. Mo ń kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé kékeré kan, mo sì ń kà á nínú mọ́sálásí ńlá, orúkọ kan lẹ́yìn òmíràn, kí n má baà fo ẹnikẹ́ni. Lẹ́yìn náà ni wọn yóò wá bi mí pé, ìwọ náà ńkọ́, ṣé kò sí ìṣòro? N óò ní kò sí. Wọn a ní, ìṣòro wo ni ì bá tún wà, nígbà tí o ń gbé níbi tí àwa ń kọjú sí láti kírun.

N kò mọ bí mo ṣe lè ṣàlàyé fún wọn pé ẹni tí ó ń gbé níbi tí gbogbo ayé ń kọjú sí lè jókòó sórí ibùsùn rẹ̀, kí ó máa ro bí òun yóò ṣe ra búrẹ́dì. Lọ́jọ́ kejì tí mo dé, mo kí ẹni tí ń ta búrẹ́dì bí mo ṣe ń kí ènìyàn nílé. Mo béèrè iṣẹ́ rẹ̀, mo béèrè ilé rẹ̀, mo kí i kú oòrùn. Àwọn tí ó tò sẹ́yìn mi bẹ̀rẹ̀ sí í pòṣé. Ọkùnrin náà wò mí, ó ní, "Mélòó?" Ìbéèrè lásán ni ìyẹn, mo mọ̀, kò sí ohun burúkú kankan tí ó ṣe. Síbẹ̀ ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni mo fi jẹ bisikíìtì nítorí pé n kò fẹ́ padà sídìí fèrèsé yẹn.

Ìmọ̀ ọ̀gbìn ni mo kà ní yunifásítì nílé. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ló gbé mi wá fún oyè kejì, ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Al-Abidiyah, lójú ọ̀nà Àráfà, ni mo sì ń gbé. Kí ìsinmi ìgbà ooru tó bẹ̀rẹ̀, ọ̀jọ̀gbọ́n tí ń tọ́ mi sọ́nà sọ ọ̀rọ̀ kan fún mi tí kò jẹ́ kí n sùn dáadáa mọ́. Ó ní kí n tó wọlé padà, mo gbọ́dọ̀ mú ìwé wá, tí àgbẹ̀ kan fọwọ́ sí, pé òun gbà kí n máa wá ṣèwádìí lóko òun fún ọdún kan. Bí kò bá sí ìwé yẹn, kò sí iṣẹ́ ìwádìí. Bí kò bá sí iṣẹ́ ìwádìí, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ parí nìyẹn, n óò sì kó ẹrù mi padà sílé. N kò mọ àgbẹ̀ kankan ní gbogbo ilẹ̀ Saudi. Nígbà tí ìsinmi yóò fi ku oṣù kan, n kò tíì mọ ẹyọ kan.

Àlàájà Rábí ló mú mi mọ ọjà àwọn àgbẹ̀ kan. Jẹ́dà ni wọ́n bí i sí. Bàbá rẹ̀ àgbà ló ti Ìwó wá ṣe hájì tí kò padà mọ́. Yorùbá tí ìyá rẹ̀ àgbà sọ sí i létí ni ó ń sọ títí di òní, ó sì ń da Lárúbáwá pọ̀ mọ́ ọn. Hanáànì, ọmọ rẹ̀ obìnrin, gbọ́ Yorùbá náà délẹ̀délẹ̀, ṣùgbọ́n Lárúbáwá ló fi ń dáhùn. Ẹnìkan ní mọ́sálásí ìyá mi ló fún mi ní nọ́ńbà wọn. Láti ìgbà náà ni mo ti ń wọ bọ́ọ̀sì lọ sílé wọn ní Al-Nuzlah, ní Jẹ́dà, ní òpin ọ̀sẹ̀, tí Àlàájì ọkọ rẹ̀ sì ń tẹ́ ẹní fún mi ní yàrá àlejò.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ kọ̀ọ̀kan nígbà ooru, lẹ́yìn ìrun Aláásárì, tí oòrùn bá ti rọlẹ̀ díẹ̀, àwọn àgbẹ̀ máa ń pàtẹ sí gbàgede kan tí kò jìnnà sílé wọn. Àwọn ará òkè Táífù a kó èso àjàrà wá, àti èso ẹlẹ́gùn-ún kan tí òǹtajà máa ń wọ ìbọ̀wọ́ kí ó tó bó o fún ọ. Àwọn ará àfonífojì a kó ilá, ewébẹ̀ àti dàbínù tútù wá. Lábẹ́ àtíbàbà kan, àwọn ọmọdé ń gbin irúgbìn sínú ife bébà, wọ́n ń kọ orúkọ wọn sí i lára, wọ́n sì ń gbé e padà wá lọ́sẹ̀ kejì kí gbogbo ọjà wo èyí tí ó hù. Lábẹ́ òmíràn, àwọn bàbá arúgbó ń tọ́ oyin wò, wọ́n ń jiyàn lórí irú òdòdó tí oyin náà ti wá. Àlàájà Rábí ní tábìlì tirẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ̀pà sísun ló ń tà, pẹ̀lú ata lílọ̀ kan tí ń mú omi jáde lójú àwọn oníbàárà, tí wọ́n á sì tún padà wá rà lọ́sẹ̀ kejì.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ àkọ́kọ́ tí mo bá a gbé tábìlì, ó tọ́ka sí bàbá kan tí irùngbọ̀n rẹ̀ funfun, tí àpótí èso àjàrà tò yí i ká.

"Àmù Sálíù nìyẹn," ó ní. Àmù ni wọ́n ń pe àgbà ọkùnrin níbẹ̀. "Oko rẹ̀ wà ní Táífù. Ẹni jẹ́jẹ́ ni. Lọ bá a sọ̀rọ̀ ìwé rẹ."

Mo ti kọ́ ohun tí n óò sọ sórí. Ṣùgbọ́n Lárúbáwá inú ìwé ni mo gbọ́, irú èyí tí wọ́n fi ń ka ìròyìn. Bí mo bá sọ ọ́ lọ́jà, àwọn ènìyàn a dákẹ́ bí ẹni pé wáásí fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Mo pinnu pé n óò kọ́kọ́ ra nǹkan, nítorí pé kò dára kí a dédé bẹ àgbà lọ́wẹ̀ láìtíì ra ọjà rẹ̀. Mo mú páálí èso àjàrà kan, mo béèrè iye rẹ̀.

Àmù Sálíù gbé ọwọ́ lé àyà. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Kàlíhà àléénà," ó ní. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé, fi owó sílẹ̀, ó di tiwa.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ bí ó ṣe rí lára mi. Yàtọ̀ sí ilé Àlàájà, láti oṣù mélòó kan, kò sí ẹni tí ó fún mi ní nǹkan kan láìjẹ́ pé mo tò. Àgbàlagbà wá fún mi ní èso oko rẹ̀ láìmọ̀ mí rí. Nílé wa, ẹni tí ó bá kọ ẹ̀bùn àgbà, ó tàbùkù rẹ̀ ni. Mo fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, mo tẹ̀ ba díẹ̀, mo sì bẹ̀rẹ̀ àdúrà. Mo ṣàdúrà fún oko rẹ̀, fún àwọn ọmọ rẹ̀, fún àwọn òkú rẹ̀. Ó ń ṣe àmín sí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ojú rẹ̀ sì ń fẹ̀ sí i. Mo rò pé ayọ̀ ni. N kò sì lè mẹ́nu ba ọ̀rọ̀ ìwé mọ́. Ta ni yóò gba ọrẹ lọ́wọ́ ènìyàn, kí ó tún tọrọ lórí rẹ̀?

"Èló lo rà á?" Àlàájà bi mí nígbà tí mo dé ìdí tábìlì.

"Wọ́n fún mi ni."

"Ta ló fún ọ?"

"Àmù Sálíù. Wọ́n ní kí n fi owó sílẹ̀."

Àlàájà gbé ife ẹ̀pà kalẹ̀. "O sì gbé e?"

"Mo ṣàdúrà fún wọn dáadáa."

Hanáànì sọ nǹkan kan ní Lárúbáwá, ó fi ìbòrí bo ojú, èjìká rẹ̀ sì ń gbọ̀n.

"Kí ló wí?"

"Ó ní láti ìgbà tí wọ́n ti bí òun, òun kò rí ẹni tí ó gbé e lọ rí." Àlàájà náà ti ń rẹ́rìn-ín. "Mískíìnì, ẹni àánú. Ọ̀rọ̀ ẹnu ni. Òun á ní fi sílẹ̀, ìwọ á ní rárá. Òun á tún ní fi sílẹ̀, ìwọ á búra pé o ò ní gbé e lọ́fẹ̀ẹ́. Ìgbà náà ni yóò wá dárúkọ iye rẹ̀. Àfi bí òun fúnra rẹ̀ bá fi Ọlọ́run búra, ìyẹn nìkan lo lè gbé. Ta ló tọ́ ọ gan-an?"

Mo pe ẹni tí ó tọ́ mi lálẹ́ ọjọ́ náà. Ìyá mi gbọ́ ọ títí dópin, kò sì rẹ́rìn-ín lójú ẹsẹ̀.

"Bí mo bá ń jẹun lẹ́nu ọ̀nà, tí èèyàn ń kọjá, kí ni mo máa ń wí?"

"Ẹ wá ẹ bá wa jẹun."

"Kí ni wọ́n máa ń dáhùn?"

"Pé á gba ibi ire."

"O ti rí ẹni tó jókòó rí?"

"Rárá, Mọ́mì."

"Ìwọ jókòó. O tún fọ abọ́." Ìgbà yẹn ló wá rẹ́rìn-ín tirẹ̀.

Mo ro ọ̀rọ̀ yẹn fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Ohun tí ó dùn mí kì í ṣe pé àṣà wọn ṣàjèjì sí mi. Tiwa gan-an ni, aṣọ mìíràn ló wọ̀, n kò sì dá a mọ̀. Mo wá rò ó pé ìlú ẹni ni ibi tí a ti mọ ìpè tí a ń jẹ́ yàtọ̀ sí ìpè tí a ń kí kọjá, tí kò sì sí ẹni tí ó kọ́ wa. Níbòmíràn, gbogbo ìpè ló jọra. O lè jókòó síbi tí kò yẹ, o sì lè kọjá níbi tí wọ́n ti tẹ́ ẹní dè ọ́.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ kejì, gbogbo ọjà ti gbọ́. Bí mo ṣe wọlé ni bàbá olóyin gbé ọwọ́ lé àyà. "Yà muhándìsì, kàlíhà àléénà." Yà ni wọ́n fi ń pe ènìyàn, muhándìsì sì ni ẹni tí ó kàwé nípa ọ̀gbìn. Ẹni tí ń ta ilá náà wí bẹ́ẹ̀. Hanáànì pàápàá wí i nígbà tí mo ní kí ó fún mi lómi. Mo wọ abẹ́ àtíbàbà àwọn ọmọdé, mo ń bá wọn bu iyẹ̀pẹ̀ sínú ife, mo ń ṣe bí ẹni tí iṣẹ́ pọ̀ fún.

"Kì í ṣe kìnìún," Àlàájà pè mí láti ibi tábìlì rẹ̀. "Lọ sanwó rẹ."

Mo lọ. Mo na owó sí Àmù Sálíù, mo tọrọ àforíjì. Ó ní kí n fi í sílẹ̀. Mo ní rárá. Ó tún wí bẹ́ẹ̀. Mo ní rárá. Ó tún un wí lẹ́ẹ̀kẹta, mo sì búra. Òun náà búra. Ó ní wàláhì òun kò ní gbà á, pé láti ìgbà tí òun ti ń tajà, èmi nìkan ni ẹni tí ó ṣàdúrà fún àwọn òkú òun nídìí ọjà. Mo kó owó padà sápò. Ìgbà náà ni mo rí okun sọ̀rọ̀ ìwé mi, ní Lárúbáwá ìròyìn mi yẹn. Ó tẹ́tí sí i, ó ń mi orí.

"Oko mi, oko rẹ ni," ó ní. "Máa bọ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Kí o jẹun ọ̀sán lọ́dọ̀ wa. Ìwé yẹn, a ó rí sí i níbẹ̀."

Inú mi dùn fún ìṣẹ́jú kan. Lẹ́yìn náà ni mo rántí. Oko mi, oko rẹ ni. Ǹjẹ́ ẹnìkan wà tí ó lè sọ bẹ́ẹ̀ kí ó sì jẹ́ òtítọ́? Mo wo ojú rẹ̀, ẹ̀rín kan náà ló wà níbẹ̀, ọwọ́ kan náà ló gbé lé àyà. Mo sọ nínú ara mi pé, wọn kò ní mú mi lẹ́ẹ̀kejì. Mo gbé ọwọ́ lé àyà tèmi náà. Mo ní kí Ọlọ́run fi kún oko yín, Àmù, mo sì kúrò níbẹ̀ pẹ̀lú ìgbéraga díẹ̀. N kò bi Àlàájà léèrè. Ojú ń tì mí láti tún béèrè ohun tí ọmọdé mọ̀. Nígbà tí ó ní báwo ni ọ̀rọ̀ ìwé, mo ní wọ́n ṣì ń rò ó.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mo wà lórí ibùsùn mi ní Al-Abidiyah, mo ń ka ìwé.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ kẹta, mo kí Àmù Sálíù. Ó dá mi lóhùn tán, ó yí ojú sí oníbàárà mìíràn. Kò sí ẹ̀rín. Bàbá olóyin fa apá aṣọ mi.

"Kí ló ṣe ọ́ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun? Ìyàwó rẹ̀ se sálíìgì, ìrẹsì oníwàrà àti adìyẹ. Wọ́n dúró dè ọ́ títí di Aláásárì. Ó rán àbúrò rẹ̀ lọ dúró nídìí ọkọ̀."

Ẹ̀bùn ẹnu, mo gbé e lọ sílé. Àpèjẹ tòótọ́, mo kí i kọjá. Ọ̀sẹ̀ kan péré ló kù kí n mú ìwé dé iwájú ọ̀jọ̀gbọ́n, kò sì sí àgbẹ̀ mìíràn tí mo mọ̀. Ṣùgbọ́n òtítọ́ ni mo fẹ́ sọ: kì í ṣe ìwé ni mo kọ́kọ́ rò. Obìnrin tí n kò rí rí ni mo rò, tí ó bo abọ́ kí oúnjẹ má baà tutù, tí ó sì tún ṣí i nígbà tí kò rí mi.

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún Àlàájà. Ó fi ẹ̀pà sílẹ̀ fún Hanáànì, ó dì mí mú ní apá aṣọ.

"Má lanu o," ó ní. "Ilẹ̀ ni kí o máa wò."

Ó dúró níwájú Àmù Sálíù, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bá mi wí ní Lárúbáwá, kíkan kíkan, kí gbogbo ẹni tí ó wà nítòsí lè gbọ́.

"Yà Sálíù, mo mú un wá. Ohun tí ó bá wù ọ́ ni kí o fi í ṣe. Ọmọ yìí kò gbọ́n. Ìwé tí ó kà ti dí i létí. Ìyá rẹ̀ rán an wá láti ọ̀nà jíjìn kí ó lè dójú tì mí. Wọ́n dáná fún un ní ilé ènìyàn iyì, ó sùn sórí ibùsùn bí òkú ewúrẹ́."

"Ó tó, yà Hája," Àmù Sálíù ní.

"Kò tó. Má ṣàánú rẹ̀. Èmi fúnra mi ni n óò bá a di ẹrù. Kí ó padà sí Nàìjíríà, kí ó lọ máa sùn níbẹ̀."

Ohun tí mo ń bẹ̀rù gan-an ni ó ń sọ, ó sì ń sọ ọ́ bí ẹni pé ó ti dá a lójú. Bàbá olóyin ti dé. Ẹni tí ń ta ilá náà ti dé. "Sálíù, dárí jì í," wọ́n ń wí. "Àlejò ni."

Àlàájà fẹ́ tún bẹ̀rẹ̀. Àmù Sálíù dúró sí àárín wa, bí ẹni tí ó fẹ́ gbà mí sílẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Kàláàsì, ó parí, yà Hája. Ọmọ ni. Má bá a wí mọ́." Ó wò mí fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ náà. "Èmi ni mo kọ́kọ́ dà á lọ́kàn rú. Mo ní kí ó gbé e, ó gbé e, mo sì sọ ọ́ di ẹ̀rín gbogbo ọjà. Báwo ni yóò ṣe mọ èyí tí mo wí tọkàntọkàn?"

Ó to páálí kan sórí òmíràn.

"Ọjọ́ Ìṣẹ́gun," ó ní. "Lẹ́yìn ìrun Àìlà. Àbúrò mi yóò wà nídìí ọkọ̀."

Mo mọ̀ pé kò yẹ. Mo mọ̀, ó sì ti bọ́ lẹ́nu mi kí n tó dá a dúró. "Ṣé lóòótọ́ ni?"

Àlàájà já mi léèékánná ní apá. Àmù Sálíù rẹ́rìn-ín títí irùngbọ̀n rẹ̀ fi ń mì.

"Wàláhì," ó ní.

Bí a ṣe ń padà sídìí tábìlì, mo bi Àlàájà bóyá ó bínú sí mi tó bẹ́ẹ̀.

"Ìyá mi àgbà ló máa ń ṣe é báyẹn," ó ní. "Bí èèyàn rẹ bá ṣẹ̀, ìwọ ni kí o tètè bá a wí, kí o bá a wí kọjá ohun tí ó ṣe, títí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ fúnra rẹ̀ yóò fi máa bá a bẹ̀bẹ̀. N kò tíì dán an wò ní Lárúbáwá rí."

"Nígbà náà, ẹ ò bínú?"

"Mo bínú díẹ̀. Gbé àpò ẹ̀pà yẹn."

Ó pè mí ní èèyàn rẹ̀. Kò sọ ọ́ bí ẹni tí ń sọ nǹkan pàtàkì, n kò sì rò pé ó rántí pé òun sọ ọ́. Ṣùgbọ́n mo gbé àpò yẹn bí ẹni tí wọ́n fi oyè dá lọ́lá.

Mo lọ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Afẹ́fẹ́ òkè Táífù tutù débi pé mo ro ilé. N kò rí ìyàwó Àmù Sálíù, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ló gbé oúnjẹ jáde, ṣùgbọ́n mo gbọ́ ohùn rẹ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó ń béèrè bóyá mo ń jẹun. Mo jẹ títí n kò fi lè dìde. Àmù Sálíù ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì, ó bi mí ní ìbéèrè mẹ́rin nípa ohun tí n óò ṣe sí àjàrà rẹ̀, ó sì fọwọ́ sí i. Nígbà tí mo ń lọ, ó gbé páálí kan lé mi lọ́wọ́. Mo ní rárá lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ó búra. Mo gbé e.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ tí ó kẹ́yìn kí n padà sẹ́nu ẹ̀kọ́, ìdí àpótí Àmù Sálíù ni mo dúró sí, mo ń bá a kó èso àjàrà sínú páálí. Àwọn ọmọdé ti gbé ife wọn dé, ewé kéékèèké ti yọ lójú ọ̀pọ̀ rẹ̀. Àwọn bàbá ṣì ń jiyàn lórí oyin. Kí wọ́n tó pe ìrun Mọ̀gáríbà, mo pe ìyá mi, mo sọ fún un pé ọ̀jọ̀gbọ́n ti gba ìwé náà. Ó dúpẹ́, ó dúpẹ́. Mo ń gbọ́ ìró abọ́ lọ́dọ̀ rẹ̀.

"Oúnjẹ ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé kalẹ̀ yìí," ó ní. "Wá bá mi jẹun."

Mo mọ ohun tí a máa ń dáhùn.

"Ẹ sún díẹ̀ fún mi, Mọ́mì," mo ní. "Mo ti jókòó."

Mo gbọ́ tí ó sún abọ́ díẹ̀.

"Fọ ọwọ́ rẹ ná."